Àtẹ̀gùn ilé gogoro: Bí ọ̀nà àjàbọ́ ṣe ń di ọ̀nà èéfín nígbà tí iná bá ṣẹ́yọ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kínní, ọdún 2022, iná ṣẹ́yọ nínú ilé alájà 19 kan ní agbègbè Bronx, nílùú New York. Ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń lo iná mànàmáná ló dá a sílẹ̀ nínú yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé náà. Iná ọ̀hún kò tàn kọjá ilé ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú rẹ̀. Síbẹ̀, ènìyàn 17 ló kú, mẹ́jọ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Èéfín ló pa gbogbo wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olóògbé náà jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Gambia, tàbí ọmọ tí àwọn ará Gambia bí sí Amẹ́ríkà. Ọ̀fọ̀ náà sọdá òkun, ó sì wọ àwọn abúlé tí òbí wọn ti ṣí lọ.

Ìbéèrè tó gba ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà ni pé, báwo ni iná tí kò kúrò ní àjà kejì àti ìkẹta ṣe pa àwọn tó ń gbé lókè réré? Ìdáhùn rẹ̀ wà lára àtẹ̀gùn ilé náà, àti lára àwọn ilẹ̀kùn tó yẹ kó wà ní pípadé ṣùgbọ́n tó ṣí sílẹ̀.

Àlàyé rèé lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn nínú àtẹ̀gùn ilé gogoro, ìdí tí èéfín fi máa ń tẹ̀lé e, àti ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Kí ló ń mú èéfín gòkè?

Ẹni tó bá ti fi igi dáná rí ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn náà. Èéfín tó bá ti inú ààrò jáde, òkè ló ń lọ. Bó bá kan òrùlé, á tàn káàkiri abẹ́ rẹ̀ títí yóò fi rí ihò jáde. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná náà lè máa mí dáadáa nígbà tí ojú ẹni tó dúró ń ta, tí omi ń dà lójú rẹ̀.

Ìgbóná ló fà á. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná, ó máa ń wú, ó sì máa ń fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tútù tó yí i ká lọ. Èéfín tó bá gbóná dé ìwọ̀n 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius máa ń gba nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àyè tí ì bá gbà ká ní ó tutù bíi yàrá lásán. Afẹ́fẹ́ tútù tó wúwo á gba ìsàlẹ̀ wọlé, á sì ti èyí tó gbóná lọ sókè.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá tó ń jóná. Èéfín máa ń gba apá òkè ẹnu ọ̀nà tú jáde, afẹ́fẹ́ tuntun á sì máa gba apá ìsàlẹ̀ wọlé láti lọ bọ́ iná. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń tú májèlé síta, ó sì ń fún iná lóúnjẹ.

Nínú èéfín yìí ni gáàsì carbon monoxide wà, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Bí èéfín bá ki, ènìyàn lè dákú kí iná tó sún mọ́ ibi tó wà rárá. Èéfín tún máa ń bo ojú, débi pé ẹni tó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ bí ẹní mowó kò ní mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ́.

Báwo ni àtẹ̀gùn ṣe ń di ihò èéfín?

Nínú ilé ilẹ̀, òrùlé ni òpin ìrìnàjò èéfín. Ilé gogoro kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀ ni àwọn ihò gígùn wà tó la gbogbo àjà kọjá láti ìsàlẹ̀ dé òkè: ihò tí lífítì ń gbà, ihò tí wáyà àti páìpù ń gbà, àti àyè àtẹ̀gùn. Nínú gbogbo wọn, àtẹ̀gùn nìkan ni ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn, òun sì ni gbogbo ará ilé máa ń sá lọ bí iná bá ṣẹ́yọ.

Nǹkan mẹ́ta péré ló ń sọ àtẹ̀gùn di ihò èéfín: ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé nísàlẹ̀, ibi tó lè gbà jáde lókè, àti ooru láàárín méjèèjì. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, àtẹ̀gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ sókè bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń fa ìkòkò tábà. Bí ilé náà bá ṣe ga tó ni agbára ìfà rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èéfín lè gòkè mítà méjì tàbí mẹ́ta, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíga àjà kan. Kò sí ẹni tó lè sáré gun àtẹ̀gùn tó bẹ́ẹ̀.

Bí kò bá wá sí ọ̀nà àbájáde lókè ńkọ́? Èéfín á kóra jọ sábẹ́ òrùlé àtẹ̀gùn, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti àjà kan dé òmíràn.

Bákan náà, èéfín tó bá ti rìn jìnnà á ti fara kan ògiri, ooru rẹ̀ á ti dín, kò sì ní lágbára láti gòkè mọ́. Ó lè dúró sí àárín ilé bí ìkùukùu. Ẹni tó ń ti òkè bọ̀ lè bá àtẹ̀gùn tó mọ́ roro pàdé fún àjà márùn-ún, kó sì ṣàdédé kó sínú òkùnkùn biribiri ní àjà kẹfà.

Òtútù ìta àti ooru inú ilé

Kí iná tó ṣẹ́yọ rárá ni afẹ́fẹ́ ti ń rìn nínú àtẹ̀gùn. Ní àwọn ìlú bíi New York, London àti Chicago, nígbà òtútù, àwọn ènìyàn máa ń mú inú ilé gbóná nígbà tí ìta tutù bíi yìnyín. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ilé á wá máa gba àtẹ̀gùn àti ihò lífítì gòkè láìdúró.

Ní àwọn àjà ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ máa ń kúrò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ́ sínú àtẹ̀gùn. Ní àwọn àjà òkè, á kúrò nínú àtẹ̀gùn padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá. Ibì kan wà ní àárín ilé tí kì í ti í fà síhìn-ín, tí kì í sì í fà sọ́hùn-ún.

Bí iná bá wá ṣẹ́yọ ní àjà kejì irú ilé bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn tó ti ń fa afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ yóò fa èéfín mọ́ ọn, yóò sì lọ tú u sí àwọn àjà òkè pátápátá. Ìdí nìyí tí ẹni tó wà ní àjà 15 fi lè wà nínú ewu ju ẹni tó wà ní àjà kẹfà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló jìnnà sí iná jù.

Ní Èkó, Accra, Abidjan tàbí Cotonou, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ìta ló sábà máa ń gbóná, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ń mú inú ọ́fíìsì tutù. Nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó lè máa sọ̀ kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn dípò kó gòkè, kí èéfín tí ooru rẹ̀ ti dín sì bá a lọ sí àwọn àjà tó wà lábẹ́ ibi tí iná wà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru ìta àti ti inú ilé ní àwọn ìlú wọ̀nyí kò tó ti ìlú olótùútù. Bí iná bá ti ràn dáadáa, ooru tirẹ̀ á borí, èéfín á sì dorí kọ òkè, ìlú yòówù kí ilé náà wà.

Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ níta náà ní ipa tirẹ̀, nítorí bí ilé bá ṣe ga sí i ni afẹ́fẹ́ ń le sí i. Bí gíláàsì fèrèsé yàrá tó ń jóná bá fọ́ ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, tí ilẹ̀kùn ilé náà sì ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá náà á dà bí iná alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ń fín ẹwìrì sí.

Ní ọdún 2008, àjọ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tí à ń pè ní NIST àti àwọn panápaná New York dáná sun àwọn yàrá kan nínú ilé alájà méje tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀, ní erékùṣù Governors Island, láti mọ bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí i pé ooru tí afẹ́fẹ́ gbá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àtẹ̀gùn pọ̀ débi pé panápaná tó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá kò lè dúró níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀

Ohun tó dúró láàárín àtẹ̀gùn àti gbogbo ewu yìí kò ju ilẹ̀kùn lọ. Ilẹ̀kùn tó wà ní pípadé ń gé ọ̀nà afẹ́fẹ́ sí méjì. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà wọlé, tí kò sì rí ọ̀nà jáde, àtẹ̀gùn kò lè di ihò èéfín.

Ní ilé Bronx náà, àwọn tó ń gbé ibi tí iná ti ṣẹ́ sá jáde, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wọn, tó yẹ kó pa ara rẹ̀ dé, kò pa dé. Èéfín tú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn aláṣẹ sọ pé ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn kan ní àjà 15 náà wà ní ṣíṣí. Bí ọ̀nà èéfín ṣe pé láti ìsàlẹ̀ dé òkè nìyẹn. Àwọn tó gbìyànjú láti sá jáde kó sínú rẹ̀. Daniel Nigro, ọ̀gá àgbà panápaná New York nígbà náà, sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ òun bá àwọn tí jàǹbá náà kàn nínú àtẹ̀gùn ní àjà kọ̀ọ̀kan.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá, ọdún 2017, ènìyàn 13 pàdánù ẹ̀mí wọn nínú ilé alájà márùn-ún kan ní Bronx yìí kan náà. Ọmọ kékeré kan tó ń fi sítóòfù ṣeré ló dá iná náà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá jáde, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Àtẹ̀gùn náà ṣe bí ihò èéfín, iná sì gba inú rẹ̀ gun òkè.

Ìyá tó ń gbé ọmọ sá fún iná kì í rántí ilẹ̀kùn. Nítorí náà ni ilẹ̀kùn fi gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni ìlú New York ṣe ìpolongo káàkiri pé kí ẹni tó bá ń sá fún iná pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀, tí òfin tuntun sì pàṣẹ pé kí ilẹ̀kùn ilé gbígbé tó ní ìdílé púpọ̀ jẹ́ irú èyí tó ní sípíríǹgì, tó lè pa ara rẹ̀ dé. Ikú àwọn ènìyàn 17 ní ọdún 2022 fi hàn pé òfin nìkan kò tó bí kò bá sí ẹni tó ń yẹ sípíríǹgì náà wò.

Ilẹ̀kùn tó tì pa

Ilẹ̀kùn tún lè ṣekú pani ní ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹwàá, ọdún 2003, iná ṣẹ́yọ ní àjà 12 nínú ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Cook County, ilé alájà 37 kan nílùú Chicago. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lókè gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ.

Ṣùgbọ́n àwọn panápaná ti ṣí ilẹ̀kùn àjà 12 láti gbé páìpù omi wọlé sí iná náà, èéfín sì ya wọ inú àtẹ̀gùn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yìí yíjú padà láti sá wọ àjà mìíràn, ilẹ̀kùn ti tì lẹ́yìn wọn. Wọ́n ṣe àwọn ilẹ̀kùn náà lọ́nà tí a fi lè ṣí wọn láti inú ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n tí a kò lè fi ṣí wọn láti inú àtẹ̀gùn. Ènìyàn mẹ́fà kú síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì kò tako ara wọn. Ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ máa wà ní pípadé nígbà gbogbo. Kò gbọ́dọ̀ wà ní títì pa nígbà kankan tí ènìyàn bá wà nínú ilé.

Ìṣẹ̀lẹ̀ Chicago tún ṣàlàyé ìdí tí àwọn panápaná fi máa ń yan àtẹ̀gùn kan fún iṣẹ́ tiwọn, tí wọ́n sì máa ń darí àwọn ènìyàn sí òmíràn bí ilé náà bá ní ju ẹyọ kan lọ. Àtẹ̀gùn tí páìpù omi gbà kọjá kò lè ní ilẹ̀kùn tó pa dé mọ́.

Ṣé kí ènìyàn sá lọ sórí òrùlé?

Ọkàn ẹni tí èéfín dí lọ́nà lè sọ fún un pé kó gòkè. Ìtàn fi hàn pé ewu ńlá ni.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, ọdún 1980, iná jó ìsàlẹ̀ ilé ìtura MGM Grand nílùú Las Vegas. Iná náà kò dé àwọn yàrá tó wà lókè, ṣùgbọ́n èéfín gba ihò lífítì, àtẹ̀gùn àti àwọn ihò afẹ́fẹ́ gòkè. Ènìyàn 85 kú, àwọn àjà òkè sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà.

Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kejì, ọdún 1974, iná ṣẹ́yọ nínú ilé Joelma, ilé alájà 25 nílùú São Paulo ní Brazil. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló ní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ sórí òrùlé pẹ̀lú ìrètí pé hẹlikópítà yóò wá gbé wọn, ṣùgbọ́n ooru àti èéfín kò jẹ́ kó lè balẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 170.

Òkè ni èéfín ń lọ. Ẹni tó bá gòkè ń tẹ̀lé e lọ sí ibi tó ti ń kóra jọ ni, ó sì lè bá ilẹ̀kùn òrùlé ní títì pa.

Fáànù tí ń lé èéfín padà

Àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ ti wá ọgbọ́n kan dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n máa ń gbé fáànù ńlá sí ìdí àtẹ̀gùn tàbí sórí rẹ̀, èyí tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ìta wọ inú rẹ̀ ní kété tí aago ìkìlọ̀ iná bá dún. Afẹ́fẹ́ inú àtẹ̀gùn á wá lágbára ju ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Bí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ bá wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ mímọ́ ni yóò máa gba ibẹ̀ jáde, èéfín kò sì ní rí àyè wọlé.

Agbára tí èyí gbà kò pọ̀. Nǹkan bí 50 pascal ni ọ̀pọ̀ ilé ní Yúróòpù ti ń lò fún ọdún púpọ̀. Lára ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà méjì, àpapọ̀ agbára náà kò ju ìwúwo ẹrù kílò mẹ́wàá lọ. Bó bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ọmọdé àti arúgbó kò ní lè ti ilẹ̀kùn náà wọ inú àtẹ̀gùn, ọ̀nà àjàbọ́ á sì tún di ohun tí kò ṣeé lò.

Ọgbọ́n yìí ní àìlera mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan tó bá ṣí sílẹ̀ ń tú lára agbára náà dànù. Bí ilẹ̀kùn púpọ̀ bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, fáànù á máa ṣiṣẹ́ lásán. Ìkejì, bí ẹnu fáànù bá wà níbi tí èéfín lè dé, èéfín ni yóò máa fẹ́ wọlé. Ìkẹta ni iná mànàmáná. Ní ìlú tí iná ọba ti ń ṣe ségesège, fáànù tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun ọ̀ṣọ́.

Àtẹ̀gùn kan tàbí méjì?

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, ọdún 2017, ènìyàn 72 kú nínú iná tó jó ilé Grenfell Tower nílùú London. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni ilé alájà 24 náà ní. Ìbora ara ògiri ilé náà níta ló gbé iná gòkè, ṣùgbọ́n èéfín wọ inú ilé láti àjà púpọ̀, ó sì dé inú àtẹ̀gùn tí àwọn ará ilé ń gbà sọ̀ kalẹ̀, tí panápaná sì ń gbà gòkè.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn olùgbé ni pé kí wọ́n dúró sínú ilé wọn. Ìmọ̀ràn yìí bá ilé tí ògiri àti ilẹ̀kùn rẹ̀ lè há iná mọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mu. Kò bá Grenfell mu, níbi tí iná ń gba ìta wọlé. Aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú 13 ni wọ́n tó yí i padà, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì sọ lẹ́yìn náà pé ó yẹ kí èyí ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú aago méjì.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pàṣẹ pé láti ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2026, ilé gbígbé tuntun tó bá ga ju mítà 18 lọ gbọ́dọ̀ ní àtẹ̀gùn méjì. Bí èéfín bá gba ọ̀kan, kí èkejì lè ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Iná ilé gogoro kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí. Ní ọdún 1983, iná jó ilé alájà 32 tó wà ní Marina, l'Ékòó, èyí tí à ń pè ní NECOM House lónìí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kínní, ọdún 1985, iná jó Cocoa House ní Dùgbẹ̀, nílùú Ìbàdàn, ilé tó ga ní mítà 105, tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1965. Ọdún 1992 ni ó tó ṣeé lò padà.

Láti ìgbà náà, ilé gogoro ti pọ̀ sí i láti Dakar dé Èkó. Àwọn ilé alájà mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí wọ́n jẹ́ ilé gbígbé tàbí ṣọ́ọ̀bù, pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Púpọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àtẹ̀gùn tí ògiri rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò, tí afẹ́fẹ́ ìta ń gbà kọjá. Àwọn àgbà kọ́lékọ́lé ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀ àti ìtura, ṣùgbọ́n ó tún ń jẹ́ kí èéfín rí ọ̀nà jáde ní àjà kọ̀ọ̀kan kó tó kóra jọ. Ẹni tó bá fi símẹ́ǹtì tàbí gíláàsì dí àwọn ihò wọ̀nyí pa láìṣe ètò mìíràn ti sọ àtẹ̀gùn rẹ̀ di ihò èéfín.

Àwọn àṣà mìíràn tún wà tó lè mú ewu wá. Àwọn kan ń gbé jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sábẹ́ àtẹ̀gùn, ibi tó jẹ́ pé bí iná bá ṣẹ́ níbẹ̀, èéfín kò ní nílò ilẹ̀kùn kankan láti wọ ọ̀nà àjàbọ́. Àwọn ọlọ́jà kan ń kó páálí àti bẹ́ẹ̀lì aṣọ sórí ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn nítorí àyè kò tó. Bákan náà, nítorí ìbẹ̀rù olè, géètì onírin tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì máa ń wà ní ẹnu àtẹ̀gùn ilé mìíràn lóru, kọ́kọ́rọ́ náà á sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ìbẹ̀rù olè ní ìdí, ṣùgbọ́n olè kì í yára tó èéfín.

Kí ni ẹ lè ṣe?

Àwọn ìlànà tí ilé iṣẹ́ panápaná ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń kọ́ni kò ṣòro láti rántí:

• Bí iná bá ṣẹ́ nínú ilé yín, ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde, kí ẹ sì fa ilẹ̀kùn pa dé. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

• Ẹ gba àtẹ̀gùn, ẹ má wọ lífítì. Ihò lífítì náà ń fa èéfín, iná ọba sì lè lọ lójijì.

• Kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn tó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí àtẹ̀gùn, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá gbóná, ẹ má ṣí i.

• Bí ẹ bá bá èéfín dúdú nínú àtẹ̀gùn, ẹ má gbìyànjú láti là á kọjá. Ẹ wá àtẹ̀gùn mìíràn, tàbí kí ẹ padà sínú yàrá, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ fi aṣọ tútù dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó wà níta rí yín lójú fèrèsé.

• Ẹ pe panápaná, kí ẹ sọ àjà àti yàrá tí ẹ wà. Ní Nàìjíríà àti Ghana, nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

• Bí ooru tàbí èéfín bá ń wọ ibi tí ẹ sá sí, tàbí tí panápaná bá ní kí ẹ jáde, ẹ má dúró mọ́.

• Ẹ pa ilẹ̀kùn yàrá dé kí ẹ tó sùn. Nínú àwọn ìdánwò tí àjọ UL ṣe ní Amẹ́ríkà, yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní pípadé kò tó 40.

Fún onílé àti alábòójútó ilé, iṣẹ́ náà kò wọ́n. Sípíríǹgì ilẹ̀kùn kan, àtẹ̀gùn tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀, ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣí láìsí kọ́kọ́rọ́, àti aago ìkìlọ̀ tí kì í dún lásán. Àwọn tó ń gbé ilé Bronx náà ti gbọ́ aago yìí lásán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan nínú wọn kò fi kọ́kọ́ kà á sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn àgbà ní a kì í gbé iná sórí òrùlé sùn. Ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni tó ń gbé inú ilé gogoro lè fi mọ̀ lónìí bóyá ohun tó ń ṣe nìyẹn: kó lọ sí ẹnu àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, kó ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀ gbàrà, kó jọ̀wọ́ rẹ̀, kó sì dúró wò ó bóyá yóò pa ara rẹ̀ dé.